Ìyá Tí Kì Í Wọ Ifọ̀

Bí èèyàn bá fẹ́ dirun lọ́dọ̀ Sọ̀fíyátù ní Ìbàfò, ohun méjì ni yóò mú dání: orí tí wọ́n ti tú, àti àyà tó le. Orí ni yóò gbé sáàárín orúnkún obìnrin náà, àyà ni yóò fi gba ìtàn. Sọ̀fíyátù kì í dirun kó dákẹ́. Bí ìlarun rẹ̀ bá ti la ọ̀nà àkọ́kọ́ láti iwájú orí dé ìpàkọ́, ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oníbàárà kò sì lè dìde mọ́, nítorí ẹni tí wọ́n di irun rẹ̀ dé ìdajì kò ní ibi tí yóò sá gbà.

Ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò ju abẹ́ páànù kan lọ, lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ọ̀nà márosẹ̀. Àga pákó kan wà níbẹ̀, àpótí kékeré kan fún ẹni tó gbé orí wá, àti ẹ̀rọ ìránṣọ Ládi, télọ̀ tí wọ́n jọ ń lo abẹ́ páànù náà láti ọdún mẹ́sàn-án. Ariwo ọkọ̀ kì í dá lójú ọ̀nà yẹn. Síbẹ̀, bí Sọ̀fíyátù bá ti rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, àwọn oníbàárà a ní àwọn kò gbọ́ ọkọ̀ kankan mọ́.

Àkúdàáyà ni gbogbo ìtàn rẹ̀. Ẹni tó kú ní ìlú kan, tó lọ ń gbé ní ìlú mìíràn bí ẹni tí kò kú rí: ó ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹun, ó ń bá àwọn aládùúgbò ṣeré. Ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n nígbà ayé rẹ̀ bá fojú kàn án ni yóò pòórá. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà wọn ti di ẹ̀rín fún wọn. Ti Sọ̀fíyátù máa ń bá wọn dé ìdí ààrò, a sì dúró tì wọ́n níbẹ̀.

Ìyàwó wòlíì kan láti Mòwé tilẹ̀ fò dìde lọ́jọ́ kan. Ó fi gèlè bo orí tí apá kan rẹ̀ ti dì, tí apá kejì ṣì dúró gbọnrangandan, ó ní òun ń lọ gbàdúrà. Ọjọ́ kẹta ló tó padà wá parí rẹ̀.

Ládi rẹ́rìn-ín títí tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ fi kán. "Ìyá Rasheedah, ẹ ti tún lé oníbàárà lọ! Irun lẹ ń dì ni, àbí àyà àwọn èèyàn?"

"Èmi ò lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e."

"A ní kí ẹ sọ ìtàn ìjàpá fún wọn, ẹ kọ̀."

"Mi ò mọ ti ìjàpá," ni Sọ̀fíyátù sọ, ó sì ń bá òòyà rẹ̀ lọ. Kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí kò bá ti jẹ́ ti ìtàn.

Òótọ́ ni pé kò mọ ti ìjàpá. Ohun tó mọ̀ ló ń sọ.

Ọmọ Ìwó ni. Òun àti ọkọ rẹ̀, Bùrẹ́ímọ̀, tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe, ni wọ́n jọ wá sí Ìbàfò nígbà tí ibẹ̀ ṣì kún fún igbó. Àìsàn mú Bùrẹ́ímọ̀ lọ, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀: Rasheedah tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, àti Mùízz tó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Orí àwọn obìnrin ni Sọ̀fíyátù fi tọ́ àwọn méjèèjì. Mùízz kọ́ iṣẹ́ táìlì. Ọmọ tó fẹ́ràn láti máa súfèé ni. Bí ó bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, súfèé rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ gbọ́, yóò sì yọ lẹ́yìn náà pẹ̀lú eruku sìmẹ́ńtì funfun lórí ìpéǹpéjú rẹ̀, bí ẹni tó ti darúgbó láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ a fi etí aṣọ nù ún fún un. "O ti tún hu ewú," ni yóò wí. Òun náà a ní, "Ẹ tètè fẹ́yàwó fún mi, kí n tó kú sípò àgbà."

Ní ọjọ́ Alámìísì kan, ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, Mùízz lọ to táìlì sí ilé kan ní Ifọ̀. Ẹni ọdún méjìlélógún ni nígbà náà. Ó parí iṣẹ́ rẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì pé kí òun máa bọ̀ wálé, bọ́ọ̀sì náà sì gbókìtì kó tó kúrò nílùú. Àbúbákr, ẹ̀gbọ́n Bùrẹ́ímọ̀ tó ń ṣe káfíńtà ní Òkè-Àró, ni wọ́n kọ́kọ́ pè, nítorí òun ló sún mọ́ ibẹ̀ jù. Kí ìrun ìrọ̀lẹ́ tó tó, wọ́n ti wẹ ọmọ náà, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín. Wọn kò gbé e wá sílé. Wọn kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí i, wọn kò sì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ayébáyé: òbí kì í sin ọmọ, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Àánú ló wà nídìí àṣà náà. Àwọn tó dá a sílẹ̀ kò fẹ́ kí ìyá máa lọ jókòó ti ilẹ̀ lójoojúmọ́.

Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ṣe àdúrà fìdáù ní Ìbàfò. Sọ̀fíyátù bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé láti ká ẹní tó sá sóòrùn. Àbúbákr wà lẹ́yìn ògiri, ó ń bá ẹbí kan ní Ìwó sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó rò pé òun nìkan ni.

"Ifọ̀ ló wà," ni Àbúbákr ń sọ. "Bẹ́ẹ̀ ni, Ifọ̀ níbẹ̀. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ̀. Kò gbọdọ̀ débẹ̀ láéláé. Ọjọ́ tó bá débẹ̀, ó parí nìyẹn."

Sọ̀fíyátù dúró pẹ̀lú ẹní lápá. Ó wà. Wọ́n ní ó wà. Fún ọjọ́ mẹ́jọ ni àwọn èèyàn ti ń sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti lọ, pé ó ti dákẹ́, pé Ọlọ́run tó fún ni ló gbà á. Kò sí ẹnì kan tó lo "wà" fún un. A kì í lo "wà" fún òkú. Ẹni tó bá wà, ó wà ni. Ó sì wà ní ibì kan tí ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé, nítorí ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bá débẹ̀, ó parí.

Ó ká ẹní náà, ó gbé e wọlé, ó tẹ́ ẹ fún àwọn ààfáà. Kò sunkún mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn obìnrin àdúgbò yìn ín. Wọ́n ní Ọlọ́run ti fún un ní sùúrù.

Ọdún mẹ́jọ ni kò fi ẹsẹ̀ tẹ Ifọ̀. Bí ìnáwó bá gbé e lọ sí Abẹ́òkúta, ọ̀nà Ṣágámù nìkan ló máa ń gbà, bó ti wù kí ọ̀nà náà dí tó. Nígbà tí Sàhéèdì, ọmọ Ifọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀, wá tọrọ Rasheedah, ó kọ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko, kò sì lè sọ ìdí. Ìgbà tó gbà tán, ó ní kí ọmọ òun di ẹlẹ́ẹ̀hà, kó máa bo ojú bó bá ń jáde lọ sọ́jà. Rasheedah fi ṣe ẹ̀rín, kò sì bo nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ a máa pè é lórí fóònù.

"Ṣé o ò rí ẹnikẹ́ni tó o mọ̀ lọ́jà?"

"Irú ẹni wo, Màámi?"

"Ẹnikẹ́ni. Mo kàn bèèrè ni."

Ọdún ń gorí ọdún, Rasheedah kò rí ẹnikẹ́ni. Sọ̀fíyátù wá fi ọkàn balẹ̀. Ó rò ó pé ìlú ńlá ni Ifọ̀, àti pé ìyá nìkan ni Bàbá Fàrídà, bí ó ṣe máa ń pe Àbúbákr, dárúkọ. Bóyá ojú ìyá nìkan ni kò gbọdọ̀ kàn án. Nígbà tí Rasheedah bí àkọ́bí rẹ̀, ìyá rẹ̀ fi ọṣẹ, òrí àti aṣọ ọmọ ránṣẹ́, kò lọ. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ láìsí ìyá ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ará ilé Sàhéèdì ní obìnrin náà kò fẹ́ ti àwọn, Rasheedah pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Sọ̀fíyátù jẹ́ kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Ó yàn pé kí ọmọ tó wà láàyè kórìíra òun, kí èyí tó ti kú má baà kú lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tó wà nídìí àwọn ìtàn abẹ́ páànù nìyẹn. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, títí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbùkún fi bẹ̀rẹ̀ sí í fura.

Àwọn òbí Ìbùkún ti Ọ̀yọ́ wá, wọ́n yá yàrá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí. Ó ń kọ ìtàn adẹ́rùbani sórí fóònù rẹ̀ fún àwọn èèyàn láti kà, ìyẹn ló sì ń gbé e wá dirun kí irun tó wà lórí rẹ̀ tó gbó.

"Mọ́mì, wọ́n ní tèmi ò bà wọ́n lẹ́rù," ni ó rò fún Sọ̀fíyátù lọ́jọ́ kan. "Mo fi ẹ̀jẹ̀ sí i. Mo fi iwin olójú mẹ́fà sí i. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín ni!"

"Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀?" ni Ládi dá sí i láti ìdí ẹ̀rọ. "Ta ló ń fi ẹ̀jẹ̀ dẹ́rù ba obìnrin? Ohun tí à ń rí lóṣooṣù!"

"Iwin olójú mẹ́fà náà ńkọ́, Àǹtí Ládi?"

"Ìyẹn á nílò awò ojú mẹ́ta. Ẹ̀rín ló pa mí."

Sọ̀fíyátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ ò bẹ̀rù ohun tó o kọ. Báwo ni ẹlòmíì ṣe máa bẹ̀rù rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn mú Ìbùkún lọ́kàn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi etí mìíràn gbọ́ ìtàn obìnrin náà.

Ọjọ́ Àìkú kan ni ìpè náà dé. Rasheedah ti bímọ, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ jáde, ọjọ́ kẹta sì nìyẹn.

"Màámi, obìnrin ni. Mi ò lè tẹ̀ríba, mi ò lè gbé garawa omi. Ẹ mọ̀ pé ìyá Sàhéèdì ti kú. Ta ni kó bá mi wẹ ọmọ?"

"Màá rán ẹnì kan sí ọ."

"Ẹnì kan kọ́ ló bí mi."

"Rasheedah…"

"Kí ni Ifọ̀ ṣe fún yín, Màámi? Ẹ sọ fún mi. Ṣé Sàhéèdì ṣẹ̀ yín ni? Yóò dọ̀bálẹ̀. Ó tiẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ báyìí, ó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí."

Sọ̀fíyátù gbé fóònù bọ́ sí etí kejì.

"Ọmọ méjì lẹ bí. Ọ̀kan ti kú." Ohùn Rasheedah rẹlẹ̀. "Ṣé èmi náà ti kú ni? Ọjọ́rú tó kọjá ni oyún yìí fẹ́ gbé mi lọ, mo ń pè yín. Ìsọmọlórúkọ ku ọjọ́ márùn-ún. Bí ẹ ò bá wá lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní bínú o. Mi ò kàn ní pè yín mọ́."

Ní ọjọ́ kejì, Ìbùkún jókòó sórí àpótí. Ṣùkú ló fẹ́. Sọ̀fíyátù la ọ̀nà àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí ìṣe rẹ̀. Ìyá kan gbọ́ pé ọmọ òun tó ti kú ń gbé ní ìlú kan. Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó rìn títí, ó dé etí ìlú. Ó rí ọ̀nà tó wọlé. Ó rí èéfín tó ń jáde láti inú ilé tí ọmọ náà ti ń se ọbẹ̀. Ó tilẹ̀ mọ òórùn ọbẹ̀ náà, nítorí òun ló kọ́ ọ. Ó gbọ́ súfèé rẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Ìyá náà gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún…

Ọwọ́ Sọ̀fíyátù dúró nínú irun.

"Ìyá náà gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún," ni ó tún wí.  Ó fẹ́ kí ìyá náà wọlé. Ó gbìyànjú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó gbé ẹsẹ̀ náà sókè nínú ìtàn, kò sì lè gbé e kalẹ̀.

Ládi ti dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró.

Ìbùkún kò yí orí padà. Ó rọra ní, "Mọ́mì, mo ti gbọ́ ìtàn mọ́kànlá lẹ́nu yín. Kò sí ọ̀kan tí ìyá ti wọ ìlú. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: àkúdàáyà yẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó ń se ọbẹ̀ rẹ̀, ó ń súfèé. Ìyá yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ìyá tó dúró létí ìlú, tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ ọmọ rẹ̀, tí kò lè wọlé. Ta ni ìyá yẹn?"

Ọkọ̀ ajagbé kan kọjá lójú ọ̀nà márosẹ̀, páànù orí wọn gbọ̀n. 

"Jẹ́ kí n parí irun ẹ," ni Sọ̀fíyátù wí. Ó sì parí rẹ̀, ó dì í dáadáa, kò sí ọ̀nà kan tó wọ́. 

Ṣùgbọ́n nígbà tó ń gbọn irun kúrò lára aṣọ rẹ̀, nǹkan kan wá sí i lọ́kàn, nǹkan tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yà á lẹ́nu pé kò ronú kàn án ní ọdún mẹ́jọ. Bí òun kò bá gbọdọ̀ pàdé Mùízz ní Ifọ̀, ẹnì kan lè lọ sọ fún Mùízz kó yẹra. Fún ogójì ọjọ́ péré. Kó lọ ṣiṣẹ́ ní Pápáláńtò tàbí ibòmíì, kí ìyá rẹ̀ ráyè wẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tó mọ ibi tó wà sì ń bẹ láyé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó di ẹrù ìwẹ̀ ọmọ: kànìnkànìn, ọṣẹ, òrí nínú ike. Ó wọ ọkọ̀ dé Bẹ́gà, ó wọ òmíràn dé Òkè-Àró.

Àbúbákr wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pẹ́ńsù wà létí rẹ̀, ó ń fá pákó. Ẹni àádọ́rin ọdún ni báyìí. Inú rẹ̀ dùn láti rí ìyàwó àbúrò rẹ̀. Sọ̀fíyátù kúnlẹ̀ sórí èéfá pákó, kò sì dìde nígbà tí ó ní kó dìde.

"Bàbá Fàrídà, ẹ̀bẹ̀ ni mo bá wá."

"Dìde ná, Ìyá Rasheedah. Ṣé àlàáfíà ni? Mo gbọ́ pé Rasheedah ti sọ̀."

"Ó ti sọ̀. Mo fẹ́ lọ wẹ ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé Ifọ̀ ṣáájú. Ẹ sọ fún un kó kúrò níbẹ̀ fún ogójì ọjọ́. Ogójì ọjọ́ péré, ọkọ mi. Bí mo bá ti wẹ ọmọ tán, màá máa lọ, mi ò ní padà síbẹ̀ mọ́, òun lè máa bọ̀."

"Ta ni kó kúrò?"

Sọ̀fíyátù wò ó bí ẹni pé ó ń dán òun wò.

"Mùízz."

Àbúbákr gbé irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ojú obìnrin náà bóyá orí rẹ̀ ti dàrú. Kò dàrú. Ojú tó mọ́ kedere ni, ojú ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ohun tó ṣeé ṣe.

"Ta ló sọ fún ọ pé Mùízz wà ní Ifọ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Lọ́jọ́ fìdáù, lẹ́yìn ilé. Ẹ ní Ifọ̀ ló wà. Ẹ ní mi ò gbọdọ̀ débẹ̀ láéláé, pé ọjọ́ tí mo bá débẹ̀, ó parí. Mo gbọ́ yín, Bàbá Fàrídà. Mi ò débẹ̀. Ọdún mẹ́jọ, mi ò débẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gba ìṣẹ́jú kan kó tó yé Àbúbákr.  Ó jókòó sórí pákó. Ó rántí ìgbéyàwó Rasheedah, ìsọmọlórúkọ àkọ́bí rẹ̀, gbogbo ẹ̀gàn tí ẹbí ti da sórí obìnrin yìí, tí òun náà wà lára àwọn tó dà á. Ó rí i lọ́kàn rẹ̀ bí obìnrin náà ṣe ń gba ọ̀nà Ṣágámù lọ sí Abẹ́òkúta. Ó ti kan ilé, ó ti kan àpótí, ó ti gbé òrùlé lórí ògiri tí kò gún. Kò rí nǹkan tó wúwo tó èyí tí obìnrin yìí dá gbé, tí kò sì ké sí ẹnì kan kó bá òun sọ ọ́.

"Ìyá Rasheedah," ni ó wí, "ilẹ̀ ló wà."

"Ẹ ní ó wà."

"Ibojì rẹ̀ ni mo ń sọ. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún ara wa nìyẹn kí ìyá má baà mọ ojú oórì. Ohun tí mo sọ pé yóò parí, ìwọ ni. Mo ní bí o bá débẹ̀, wàá kú lé e lórí." Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú rẹ̀. "Ọwọ́ mi rèé. Èmi ni mo la pákó tí wọ́n tò lé e kí wọ́n tó da erùpẹ̀. Pákó méje. Mo kà á."

Sọ̀fíyátù wo ọwọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni ó bèèrè ohun tí Àbúbákr kò rò pé yóò bèèrè.

"Ṣé eruku wà lójú rẹ̀?"

"Ó wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Sìmẹ́ńtì."

"Ta ló nù ún?"

"Èmi ni. Nígbà tí à ń wẹ̀ ẹ́. Mo fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nù ún, mi ò jẹ́ kí ó wọ̀ ọ́ lójú."

Ìgbà náà ni Sọ̀fíyátù kígbe. Igbe tó ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ká ẹní lẹ́yìn ilé ni, ó sì ti dàgbà níbẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ìkejì pa ẹ̀rọ ìlàgi wọn. Àwọn obìnrin sáré jáde, wọ́n bèèrè ẹni tó kú, kò sí ẹni tó mọ ohun tí yóò sọ fún wọn. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti sin Mùízz. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù. Ẹnu lásán ni èèyàn fi ń pa òwe náà títí yóò fi rí ẹni tí tirẹ̀ kú, tí ó sì tún nù.

Nígbà tí igbe náà rọlẹ̀, Àbúbákr ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí i kó ṣe rí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí èéfá pákó níwájú ìyàwó àbúrò rẹ̀.

"Ẹ dìde, Bàbá Fàrídà. Ẹ ò ṣẹ̀ mí."

"Jẹ́ kí n wà nílẹ̀ díẹ̀. Bí o bá fẹ́, màá mú ọ débẹ̀. Jẹ́ kí àṣà wá bá mi jà."

 Sọ̀fíyátù fi ìborùn nu ojú rẹ̀.

"Ẹ má mú mi débẹ̀. Ẹ kàn sọ ibi tó kọjú sí fún mi."

"Ibi tí gbogbo wa ń kọjú sí nígbà ìrun ni."

"Àwa méjèèjì ti jọ ń kọjú síbì kan náà látọjọ́ yìí," ni Sọ̀fíyátù wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó mú ẹrù ìwẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó gbọn èéfá kúrò ní orúnkún.

Ọ̀sán gangan ló sọ̀ kalẹ̀ ní Ifọ̀. Kò bo ojú. Ó dúró létí títì, ó wo ìlú náà bí ẹni tó ń wo ohun tí wọ́n ti ń sọ fún un láti kékeré. Àwọn èèyàn ń ná ọjà. Obìnrin kan ń bú ọlọ́kadà. Lórí àtẹ̀gùn ilé kan tí wọ́n ń kọ́, ọkùnrin kan jókòó, eruku funfun bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń súfèé.

Ẹsẹ̀ Sọ̀fíyátù dúró. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì gbé e kalẹ̀. Ó rìn lọ bá ọkùnrin náà, ó wo ojú rẹ̀ tààrà, ó wò ó pẹ́ ju bí wọ́n ti ń wo àlejò lọ.

"Màámi, ẹ káàsán," ni ọkùnrin náà wí, ó sì dáwọ́ súfèé dúró. "Ṣé ẹ ń wá ibì kan ni?"

Kò pòórá. Kò sí ẹni tó pòórá nínú gbogbo wọn.

"Ilé Sàhéèdì tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù ni mò ń lọ," ni ó wí. "Ọmọ mi ló bímọ síbẹ̀."

"Ẹ kú oríire o! Ẹ gba ọwọ́ ọ̀tún lọ."

Rasheedah wà lórí ibùsùn nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé.  Ó di ìbàdí ìyá rẹ̀ mú, ó sì fi orí rẹ̀ sí ibẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dirun fún. Ó wá ní, "Kí ló dé tí ẹ kì í wá, Màámi?"

"Màá sọ fún ọ. Màá dirun ẹ de ìsọmọlórúkọ, ibẹ̀ ni màá ti sọ ọ́. Ìtàn gígùn ni."

"Ṣé ti àkúdàáyà ni? Ẹ jọ̀ọ́ o, ara mi ò tíì le."

"Kò sí àkúdàáyà níbẹ̀," ni Sọ̀fíyátù wí. "Ìyá kan ló wà níbẹ̀. Ó wọ ìlú."

Ó bèèrè omi. Sàhéèdì fúnra rẹ̀ ló gbé garawa wá, ó dọ̀bálẹ̀ kó tó gbé e kalẹ̀, omi sì dà sí i lára, Rasheedah rẹ́rìn-ín, ó di ojú iṣẹ́ abẹ rẹ̀ mú. Sọ̀fíyátù jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ náà lé e. Ó fi ìgúnpá tọ́ omi wò. Ó fi kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀, ó fi omi gbígbóná jó ìwọ́ rẹ̀, ó na apá, ó na ẹsẹ̀, ọmọ ń ké tantan, ohùn rẹ̀ sì mọ́.

Ojú ló kù. Pàùdà funfun tí ẹnì kan ti fi pa ọmọ náà kí ìyá àgbà tó dé ti bo ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì. Sọ̀fíyátù wò ó. Ó ti ìka rẹ̀ bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì rọra nù ún kúrò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kò jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lójú.